Oògùn Tí Ìyá Gbé Mì Lójú Àsálátù

Gbogbo àwọn tó ń wá kí wa kú ará fẹ́ra kù, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: Ìyá ní sùúrù, Ìyá kì í bínú, ohùn Ìyá kì í jáde. Mo máa ń wò wọ́n ṣáá ni. Bóyá òkú ilé ẹlòmíì ni wọ́n wá kí, wọ́n wá ṣì wá wọlé. Ìyá tèmi, Àlhájà Sàlámọ̀tù, ìyá tó bí bàbá mi, tí gbogbo Òkè-Àjé mọ̀ sí Ìyá Oníbọ́tìnì, ti lé télọ̀ kan jáde ní ṣọ́ọ̀bù rí nítorí pé ó ní òwú pupa àti òwú àlùkò kò yàtọ̀ síra. Télọ̀ ọ̀hún ti bímọ mẹ́ta, ó sì sáré. Kì í ṣe sùúrù ni Ìyá ní, orí kunkun ni. Orí kunkun yẹn ló gbé wọn dé ọdún méjìlélọ́gọ́ta, tí wọ́n fi sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ara wọn lẹ́yìn ibà ọjọ́ mẹ́rin, pẹ̀lú orí pípé.

N kò fẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn. Bàbá mi ti kọ ìyẹn sínú ìwé pélébé tí a pín níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ. Ọdún tí Ìyá lọ Mẹ́kà wà níbẹ̀, oyè tí wọ́n jẹ ní mọ́sáláṣí wà níbẹ̀, iye ọmọ àti ọmọọmọ wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ oògùn kò sí níbẹ̀, kódà kí ó ṣèèṣì. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, inú bí mi. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi bá Ìyá gbé, èmi ni mò ń kó oògùn náà lé wọn lọ́wọ́ láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí ẹ bá yọ oògùn kúrò nínú ọ̀rọ̀ Ìyá, ẹlòmíì lẹ ń sọ.

Lítíọ́mù ni wọ́n ń pè é ní ilé ìwòsàn ní Abẹ́òkúta. Ìyá ò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Alájọgbé ni wọ́n ń pè é. Inú agolo bísíkíìtì ló ń gbé, lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Bí wọ́n bá kírun àárọ̀ tán, wọ́n á ké sí mi láti orí ẹní pé, “Bàsírá, alájọgbé mi dà?” Màá gbé e wá pẹ̀lú ife omi méjì. Méjì o, kì í ṣe ọ̀kan. Dókítà ti sọ fún wọn pé oògùn náà kì í fẹ́ kí ara gbẹ: kí wọ́n máa mu omi dáadáa, kí wọ́n má ṣe dín iyọ̀ ọbẹ̀ kù, kí wọ́n máa sùn lásìkò, kí wọ́n má sì gbààwẹ̀. Ìyá gbá òfin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú. Ibi tí wọ́n bá ń lọ, jọ́ọ̀gù omi ń bá wọn lọ, ìbáà ṣe ìsọmọlórúkọ ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Bí wọ́n bá sì tọ́ ìkókórẹ́ wò tí iyọ̀ rẹ̀ kò tó, ìjà dé nìyẹn. Ìyàwó bàbá mi kejì, tí ó gbọ́ lórí rédíò pé iyọ̀ ń pa àgbàlagbà, dín iyọ̀ wọn kù lọ́jọ́ kan. Ìyá gbé abọ́ náà padà sí iwájú rẹ̀. “Ìwọ kọ́ ni dókítà mi,” ni wọ́n wí, “ìyàwó ọmọ mi ni ẹ́. Bu iyọ̀ sí i.”

Ẹni tí kò bá rí ohun tó ṣáájú oògùn kò ní mọ ìdí tí wọ́n fi ń ja irú ìjà bẹ́ẹ̀. Èmi rí i. Ọmọ ọdún méje ni mí. A wà ní ìsinmi ráńpẹ́ ní iléèwé, a ń ta bọ́ọ̀lù, bí Ìyá ṣe yọ láti ẹnu géètì nìyẹn, ìró mẹ́ta lára wọn, àpò ẹrù méjì lórí àti léjìká. Gbogbo bọ́tìnì ṣọ́ọ̀bù ló wà nínú àpò náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n ọn fún wa, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó, wọ́n ń pe ọmọ kọ̀ọ̀kan ní olówó orí wọn. Ayé mi ò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo he bọ́tìnì méje, mo ń wí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé ìyá mi àgbà nìyẹn. Ìgbà tí mo rí tíṣà wa tó ń da omijé lójú, ni mo tó mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé Ìyá lọ sílé. Wọn ò sùn fún ọjọ́ mẹ́fà, wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ mọ́sáláṣí sẹ́yìn ilé, wọ́n sì ti fi ọwọ́ ara wọn wó ògiri ilé ìdáná.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ilé wá dákẹ́. Ìyá kọjú sí ògiri, wọn ò wẹ̀, wọn ò jẹun àfi bí a bá fi ṣíbí há a sí wọn lẹ́nu. Mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mò ń retí ẹni tó fún mi ní bọ́tìnì. Nǹkan bí ogójì ọjọ́, gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo gbọ́ lẹ́nu wọn, wọn ò tilẹ̀ yíjú tí wọ́n fi sọ ọ́: “Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí máa wò mí.”

Kí n má purọ́ mọ́ òkú, Ìyá ò fẹ́ràn oògùn tí wọ́n gbà bọ̀ láti Abẹ́òkúta lẹ́yìn ogójì ọjọ́ yẹn. Ó gba nǹkan lọ́wọ́ wọn. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, ẹni tó ń ta abẹ́rẹ́ kò lè fi òwú bọ ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Èmi ni mò ń bá wọn bọ̀ ọ́. Wọ́n sanra, òùngbẹ ń gbẹ wọ́n. Wọ́n sì máa ń ṣàárò ìgbà tí orí wọn ń fò lókè. Ẹ̀ẹ̀kan wà tí wọ́n dá oògùn dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Abẹ́ àkéte ni mo ti bá a, wọ́n ti ń tò ó jọ sínú àkísà. Mo ní màá sọ fún bàbá mi. Wọn ò bú mi. Wọ́n ní kí n jókòó. “Bàsírá,” ni wọ́n wí, “o ò mọ bí ibẹ̀ ṣe dùn tó. Kò sí ẹni tó kú níbẹ̀.” Wọ́n bá na ọwọ́ sí mi, mo kó oògùn lé e.

Ní ilé wa nígbà náà, kò sí ẹni tó ń pe àìsàn náà lórúkọ. Ọgbẹ́ inú ni bàbá mi sọ fún gbogbo ayé; ti ọjọ́ bọ́tìnì, wọ́n ní ibà ló gun Ìyá lórí. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ọgbẹ́ inú jẹ́ láàárín Mùsùlùmí Ìjẹ̀bú-Òde: àìsàn olówó àti àìsàn ọlọ́lá ni. Ẹni tó bá ní in, kò ní gbààwẹ̀, wọ́n á sì tún bá a kẹ́dùn. Ààfáà kò lè bi ọ́ léèrè, nítorí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ti yọ̀ǹda aláìsàn, kó máa bọ́ aláìní dípò ààwẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kọ́ ló ń dẹ́rù ba bàbá mi. Ọ̀rọ̀ Àǹtí Ràlí ni.

Àǹtí Ràlíátù ni àbíkẹ́yìn Ìyá. Ọdún mẹ́jọ ló fi jù mí lọ, orí ẹní kan náà la jọ ń sùn, nítorí náà n kì í fi “wọ́n” pè é àfi lójú àlejò. Ọkọ tó fẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ oníṣòwò pákó ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Àǹtí Ràlí sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó máa ń rẹ́rìn-ín lójú oorun. Ẹ sì mọ bí a ṣe ń ṣe nílẹ̀ yìí. Kí wọ́n tó so yìgì, àwọn ẹbí ọkọ á wádìí. Wọ́n á bi àwọn aládùúgbò, wọ́n á bi àwọn ará mọ́sáláṣí: ṣé olè wà ní ìdílé yẹn? Ṣé ẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀? Ṣé wèrè wà níbẹ̀? Wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe é fẹ́ sílé. Bàbá mi pe gbogbo wa jọ, wọ́n ní ẹni tó bá yanu, òun ló lé ọkọ Àǹtí Ràlí lọ.

Irọ́ náà ì bá dúró, bí kò ṣe pé Ìyá Àdínnì, olórí àwọn obìnrin mọ́sáláṣí wa, jẹ́ ènìyàn rere. Ó gbọ́ pé ọgbẹ́ inú ń da Ìyá láàmú, ó bá ń gbé oyin àti omi ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú wá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Oṣù márùn-ún ni Ìyá fi mu ún, nítorí ìtìjú. Nígbà tí Ìyá Àdínnì rí i pé wọn ò di ikùn mú rárá, ó dìde ní Àsálátù, àdúà ọjọ́ Àìkú wa, ó kéde pé Ọlọ́run ti wo ọgbẹ́ inú Àlhájà Sàlámọ̀tù sàn. Gbogbo obìnrin ṣe Àmín. Ìyá àfẹ́sọ́nà Àǹtí Ràlí, tó máa ń wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó bá wọn ṣe é, wà láàárín wọn lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni Ààwẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀.

Ọdún tó ṣáájú èyí tí wọ́n pààrọ̀ owó nìyẹn. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ìyá, wọ́n ní ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni, kí Ìyá lo oògùn ní sàárì, kí wọ́n tún lò ó ní ìṣínu, kí wọ́n mu omi dáadáa nígbà méjèèjì. Àǹtí Ràlí ń sunkún. Ìyá wo Àǹtí Ràlí, wọ́n bá gbà.

Láti ọjọ́ kẹwàá ni mo ti rí i. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n gidi, tíì ìṣínu ń dà sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrìnlá wọ́n ń bì, wọ́n ń rìn bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Mo rí i, mo dákẹ́. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń kó oògùn fún wọn, mo mọ òfin omi ju bàbá mi lọ. Ìyẹn ṣì ń dùn mí.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, lọ́sàn-án, àwọn tó fẹ́ di àna wa gbé èso àti ṣúgà ìṣínu wá gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ìyá dìde láti kí wọn. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu wọn kò já gaara, wọ́n wó lulẹ̀ láàárín àlejò. A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan níbí. Bàbá mi, tójú àwọn àna ń wò, wí fún dókítà pé ọgbẹ́ inú ni, ó ti pẹ́. Ẹ gbọ́ o: dókítà ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀! Dókítà ṣe ohun tí wọ́n sọ fún un, ó fún Ìyá ní oògùn ọgbẹ́ inú. Odidi ọjọ́ kan kọjá, Ìyá ò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ kejì mo gbé agolo bísíkíìtì sínú báàgì iléèwé, mi ò lọ sí iléèwé. Bàbá mi wà níta pẹ̀lú àwọn àna. Mo gba ẹ̀yìn wọlé, mo sì gbé agolo náà lé orí tábìlì dókítà.

“Èyí ni ìyá mi àgbà ń lò,” ni mo wí. “Láàárọ̀ àti lálẹ́. Wọ́n sì ti ń gbààwẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́tàdínlógún.”

Dókítà ka ohun tó wà lára ìgò inú agolo náà. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó dìde, ó ń pe nọ́ọ̀sì kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Omi ni wọ́n kọ́kọ́ fà sí Ìyá lára, ìgò lé ìgò, lẹ́yìn náà wọ́n gbé wọn lọ sí Abẹ́òkúta. Ọjọ́ méjìlélógún ni wọ́n lò níbẹ̀, oògùn náà ni ara tó gbẹ ti sọ di májèlé. Bí wọ́n ṣe dé ilé, tí wọ́n gbọ́ bó ṣe lọ, wọn ò pariwo. Wọ́n pe bàbá mi wọlé, èmi náà wà níbẹ̀. “Múdà,” ni wọ́n wí, “o fẹ́ràn orúkọ mi ju èmi gan-an lọ.” N kò rí bàbá mi kí wọ́n sunkún bẹ́ẹ̀ kí ó tó di ọjọ́ yẹn.

Ìtùnú Ààwẹ̀ ti kọjá nígbà tí Ìyá padà sí Àsálátù. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n so yìgì Àǹtí Ràlí. Ìyá Àdínnì ní kí Ìyá jáde wá, kí àwọn bá wọn dúpẹ́ pé ọgbẹ́ inú tó tún padà wá kò pa wọ́n. Ìyá jáde. Wọ́n ní kí n gbé jọ́ọ̀gù wá. Wọ́n tú etí ìró, wọ́n yọ oògùn tí wọn ò lò láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n gbé e mì lójú gbogbo wọn, wọ́n sì mu ife omi méjì tán, a dúró tì wọ́n.

“Ẹ̀yin ìyá mi,” ni wọ́n wí, “kì í ṣe ọgbẹ́ inú ló ń ṣe mí. Orí mi ni kì í dúró sójú kan. Ohun tí mo gbé mì yìí ló ń mú un dúró, màá sì máa lò ó títí màá fi kú. Ẹ bá mi ṣàdúà sí i. Ẹ má kàn ní kí n fi í sílẹ̀.”

Kò sí ẹni tó ṣe Àmín. Ìyá àfẹ́sọ́nà Àǹtí Ràlí ṣí ìbòrí rẹ̀, ó tún un dà bo orí. Ọjọ́ kẹrin ni alárinà dé pé wọ́n ní kí a má bínú, àwọn ti wádìí, àwọn á dúró ná. A mọ ohun tí “dúró ná” ń jẹ́.

Àǹtí Ràlí ò fọ́ nǹkankan, kò pariwo. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá Ìyá, ó ní, “Ẹ ti wo ara yín sàn, ẹ wá kó àìsàn náà lé mi lórí.” Ìyá ní, “Ràlí, mo gbọ́dọ̀ wà láyé kí n tó lè ṣe ìyá ìyàwó.” Ọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì sọ síra wọn mọ fún ọdún méjì nìyẹn. Àǹtí Ràlí lọ sí Èkó, ó lọ́kọ níbẹ̀ nígbà tó yá, ó sì sọ fún ìdílé ọkọ rẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni ìyá òun ní.

Títí di òní n kò lè sọ pé Ìyá jẹ̀bi, n kò sì lè sọ pé wọn ò jẹ̀bi. Mo bi wọ́n rí pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, kí ló dé tí wọn ò lè mú un mọ́ra? Bọ́tìnì ni wọ́n ń kà sínú ike, wọn ò dúró. “Bí mo bá dúró de yìgì,” ni wọ́n wí, “màá dúró de ọmọ. Bí ọmọ bá dé, màá dúró de èkejì. Ààwẹ̀ á sì máa dé lọ́dọọdún.” Ọ̀rọ̀ náà já gaara, ṣùgbọ́n mo rántí Àǹtí Ràlí tó ń rẹ́rìn-ín lójú oorun.

Àǹtí Ràlí wá síbi òkú. Ọmọ oṣù mẹ́rin wà lẹ́yìn rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti dé ló ti ń ṣiṣẹ́: ó fọ gbogbo kọ́tìnì ilé, ó se oúnjẹ àwọn ààfáà ní òun nìkan, ó ra abọ́ tuntun àádọ́ta tí ẹnikẹ́ni ò ní kó rà. Ọ̀rọ̀ ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀, kò parí ọ̀kan kó tó bọ́ sí òmíràn. Àwọn èèyàn ń yìn ín, wọ́n ní ọmọ gidi ni Ìyá bí. Èmi ń ka iye ọjọ́ tí kò sùn. Ó ti di márùn-ún.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ mo bá a nínú yàrá Ìyá. Agolo bísíkíìtì wà lórí itan rẹ̀, ìgò oògùn tó kù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti dé, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀.

“Bàsírá, mélòó ni Ìyá máa ń lò láàárọ̀?”

Mo jókòó sílẹ̀. Mo ní a kì í kàn lò ó bẹ́ẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ó sì tún ń tọ́mọ. Mo gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́. Ó bi mí pé ṣé ọkọ òun á gbọ́. Mo ní n kò mọ̀, kí a ṣáà kọ́kọ́ lọ ná. Ọjọ́ kejì ni a wọ ọkọ̀ Abẹ́òkúta, èmi ni mo gbé ọmọ.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá jẹ́ obìnrin ọlọ́jọ́ orí. Ó ń kọ ohun gbogbo sínú ìwé: orúkọ, ọjọ́ orí, ìgbà tí oorun ti dá. Lẹ́yìn náà ló wá bèèrè, láì gbé ojú sókè, bóyá ẹnikẹ́ni ti ní irú rẹ̀ rí ní ìdílé wa. Mo mọ èsì, mo sì pa ẹnu mọ́, nítorí èmi kọ́ ni wọ́n bi. Àǹtí Ràlí wo ilẹ̀kùn. Ó wo ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Nọ́ọ̀sì gbé bírò sókè, ó ń dúró.

“Ìyá mi ni,” ni Àǹtí Ràlí wí. “Sàlámọ̀tù lorúkọ wọn. Ẹ wá fáìlì wọn, ó wà lọ́dọ̀ yín níbí.”